Ṣé Kí N Sanwó Ọjọ́ Tí Àǹtí Ọmọ Mi Ò Wá?

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Iléṣà, Àbújá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Àǹtí kan tó ń gbé ní Bọ́lọ́rundúró ló ń bá mi tọ́jú ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rìnlá. ₦2,500 ni mò ń san lójúmọ́. Iṣẹ́ mi kò dúró lójú kan: mo lè ṣe òwúrọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí n ṣe òru lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí mo bá wà nílé, màá ní kó má wá, mi ò sì ní í san owó ọjọ́ náà. Lóṣù tó kọjá, mo gba líífù, ìyá mi náà sì wá kí wa, ọjọ́ 11 péré ni àǹtí yìí ṣe. Ló bá ní òun ti bá ìyá aláṣọ kan sọ ọ́ ní Ọjà Atákúnmọ́sà pé òun á máa bá a tajà lọ́jọ́ tí mi ò bá pe òun. Mo wá pè é láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ti wà ní ṣọ́ọ̀bù! Ṣé èyí dáa? Àbí ó yẹ kí n máa sanwó fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ni?
Ìyá Ọmọ Kan, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Ìyá Ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Nílé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ tí mo ṣe ní Lágéré, níbí n'Ífẹ̀, kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ni oníbàárà mi tó le jù. Ẹ máà bínú. Wọ́n á gbé ọmọ dé láago mẹ́fà ààbọ̀, wọ́n á ní, "Màmá, wọ́n tún ti yí rósítà iṣẹ́ wa o." Mo mọ ìdààmú yín dáadáa. Síbẹ̀, àǹtí yín kò ṣẹ̀ yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tó bá ṣe ọjọ́ 22, ₦55,000 ni. Ọjọ́ 11, ₦27,500. Ṣé onílé rẹ̀ bá a dín owó ilé sí ìdajì lóṣù náà? Nígbà tí ẹ wà ní líífù, owó oṣù tiyín wọlé pé. Tirẹ̀ ló já, nítorí líífù yín.

Bí ẹ bá fẹ́ kó wà nílẹ̀ de ìpè yín, ẹ ti ra ọjọ́ náà nìyẹn, ẹ pè é o, ẹ ò pè é o. Èyí tí ẹ ò bá rà, ìyá aláṣọ lè rà á.

Mi ò dá àrà o. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa ti 1974 sọ ọ́ ní abala 17: òṣìṣẹ́ tó bá yọjú, tí ara rẹ̀ sì le, kí ọ̀gá fún un níṣẹ́ ṣe, bí kò bá sí, kó san owó ọjọ́ yẹn. Lóòótọ́, ẹni tí a gbà sínú ilé, tí kì í ṣe fún òwò, kò sí lára àwọn tí òfin yẹn pè ní òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè ṣe é fún ẹni tó ń to bíríkì, ẹni tó gbé ọmọ yín dání ńkọ́?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ fún un ní iye ọjọ́ tí owó rẹ̀ kò ní yẹ̀. Ká ní ọjọ́ 20 lóṣù, ₦50,000, bí ẹ tilẹ̀ lo mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. Èyí tó bá lé, ẹ san ₦2,500 lé e. Òun náà á wá jẹ́ kí ẹ lè gbé wákàtí mẹ́jọ yín síbi tó bá wù yín láàárín aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ọjọ́ keje, tirẹ̀ ni. Ẹ má pè é, kódà kí wọ́n yí rósítà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Rósítà yìí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ni kí ẹ ti ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ má kàn fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ẹ gbàgbé ẹ̀. M, A, N (òwúrọ̀, ọ̀sán, òru) tó kún inú rẹ̀ yẹn, ta ló fẹ́ túmọ̀ ẹ̀ fún un? Ẹ jókòó tì í, kí ẹ fi bíírò yí ọjọ́ tirẹ̀ po. Bí ẹ bá yí i padà nígbà tó ku alẹ́ kan, ẹ san owó ọjọ́ tí ẹ fagi lé.

Iṣẹ́ òru ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó dìde láago méjì òru po mílíìkì kò gbọdọ̀ tún gbé ọmọ dání di ọ̀sán nítorí pé ẹ ti dé, oorun sì ń kùn yín. (Mo mọ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.)

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ jù ni gbèsè ọjọ́. Màdáámù á ní, "Ọjọ́ mẹ́ta tí mo san tí o ò wá ṣì wà lọ́rùn ẹ, wá ní Sọ́ńdè." Ẹ má dán an wò. Ọjọ́ tí ẹ ò lò kí oṣù tó parí ti lọ. Èyí tó bá jẹ́ pé òun ló ní òun ò lè wá nìkan ni ẹ lè gé, tàbí kó san án padà. Àìsàn kò sí nínú ìyẹn. Ẹ dá iye ọjọ́ kan sí lọ́dún fún un.

Bí ₦50,000 bá wúwo, ẹ sọ ọ́ di ọjọ́ 12, kí ẹ dárúkọ ọjọ́ tiyín ní pàtó, kó lọ fi ìyókù tajà. Ẹ ò lè san ti ọjọ́ 11 kí ẹ ní kó há oṣù mọ́lẹ̀ dè yín.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, à ń lọ ṣe Iléyá ní Ìwó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé màá sanwó ẹni tó ń tọ́jú ọmọ mi?
Alhaja, Mọdákẹ́kẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ san án, ẹ̀yin lẹ̀ ń rìnrìn àjò. Bí ẹ bá fẹ́ kà á sí ìsinmi ọdún rẹ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ jọ sọ ọ́ ṣáájú, kó sì gbà. Ẹran rẹ̀ ńkọ́?