Kàlẹ́ńdà àyálò nínú áàpù wẹ́ẹ̀bù: èwo ni ká yá, èwo ni ká kọ fúnra wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi là ń fi React (irinṣẹ́ JavaScript tí wọ́n fi ń kọ ojú áàpù) kọ áàpù fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan n'Íbàdàn. A nílò àtẹ tí yóò gba orúkọ bíi 2,000, kàlẹ́ńdà tí wọn yóò fi máa yan ọjọ́, àti bọ́tìnnì lóríṣiríṣi. Ọ̀rẹ́ mi ní ká lọ kó component (ẹ̀yà áàpù bíi kàlẹ́ńdà tàbí bọ́tìnnì) tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ lórí npm, ibùdó kóòdù JavaScript. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n lè já wa kulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Báwo ni ká ṣe é?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun. Ọ̀rẹ́ yín ò ṣìnà, ẹ̀rù tó ń bà yín náà ò sì ṣàìnídìí. Káfíńtà wo lẹ rí tó ń rọ àgádágodo fúnra rẹ̀? Ọjà ló ti ń rà á, á wá fọwọ́ ara rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Àtẹ orúkọ 2,000, ẹ yá a. Iṣẹ́ ńlá ni kí àtẹ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ máa ya kìkì ìlà tí ojú ń rí, kí fóònù olówó pọ́ọ́kú má baà dákú. Bọ́tìnnì ní tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ fúnra yín: HTML ti ní ti ẹ̀, CSS ìlà mẹ́wàá tí yóò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ló kù. Ẹni tó gbé odindi láíbúrárì (àkójọ kóòdù àyálò) wọlé torí bọ́tìnnì, màlúù ló rà torí ìrù.

Kàlẹ́ńdà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ dán input type="date" tí bráúsà ní wò. Lórí fóònù, kàlẹ́ńdà fóònù fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ò sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá pọn dandan kí ẹ yá òmíràn, ẹ gbé máúsì tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi kíbọ́ọ̀dù nìkan yan ọjọ́. Bí bọ́tìnnì ọlọ́fà ò bá gbé yín láti ọjọ́ kan sí èkejì, tí Esc ò sì pa kàlẹ́ńdà náà dé, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Afọ́jú tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ka ojú ìwé síta ò ní rí i lò.

Ohun tó ká mi lára jù nìyí: ẹ má jẹ́ kí ohun àyálò gba ẹnu ọ̀nà púpọ̀ wọlé yín. Ẹ dá fáìlì kan, ká pè é ní YanOjo.jsx. Òun nìkan ni kó mọ orúkọ láíbúrárì kàlẹ́ńdà yẹn. Gbogbo ojú ìwé yòókù, YanOjo ni kí wọ́n máa pè.

Ojú mi ti rí i ni mo fi ń sọ ọ́. Mo kọ áàpù ìforúkọsílẹ̀ fún ilé ìwé kan nígbà kan rí, kàlẹ́ńdà àyálò ni mo lò, mo sì pè é ní tààrà nínú fọ́ọ̀mù mọ́kàndínlógún. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa: ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ló yàn fún ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, ọjọ́ kọkànlá ló jáde lórí káàdì. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mi, ọjọ́ kejìlá ni kàlẹ́ńdà ń fi hàn gbangba. Ìgbà tí mo wo inú dátà ni mo tó rí i:

2015-05-11T23:00:00.000Z

Aago méjìlá òru ọjọ́ kejìlá, ní àkókò Nàìjíríà, ni kàlẹ́ńdà ń gbé fún mi. Èmi wá ń fi toISOString, àṣẹ JavaScript tó ń sọ ọjọ́ di ọ̀rọ̀, kó o lọ sí server, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà wa. Aago UTC (aago ìṣirò gbogbo ayé) sì ni toISOString ń kọ, wákàtí kan péré ni aago wa fi ṣáájú rẹ̀. Méjìlá òru tiwa, mọ́kànlá alẹ́ àná ni lọ́hùn-ún. Kàlẹ́ńdà ò jẹ̀bi o. Èmi ni mi ò bi í pé kí gan-an ló ń kó fún mi.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le: ẹ fi getFullYear, getMonth àti getDate mú ọdún, oṣù àti ọjọ́ jáde, kí ẹ tò wọ́n bíi 2015-05-12. (Ẹ fi ení kún oṣù o. Òdo ni JavaScript ti ń ka oṣù kìíní, mi ò mọ ẹni tó rán an níṣẹ́ bẹ́ẹ̀.) Ṣùgbọ́n ibi mọ́kàndínlógún ni mo ní láti tún ṣe, mo sì fo méjì. Ká ní mo ti ní YanOjo nígbà yẹn, ibi kan ṣoṣo ni.

Ẹ ka fáìlì LICENSE, èyí tó sọ bí ẹ ṣe lè lo ohun àyálò, kí ẹ tó fi ohunkóhun síbẹ̀. MIT, láísẹ́ǹsì tó fàyè gbani púpọ̀, ò ní wàhálà, kí ẹ má ṣáà yọ àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ ọ́ kúrò. AG Grid, láíbúrárì àtẹ kan, ní ti Community tó wà lábẹ́ MIT, ó sì ní ti Enterprise tí wọ́n ń tà; bí ẹ bá lo ti títà láìsanwó, yóò kọ ọ́ sójú àtẹ yín kí gbogbo ayé rí i. Láísẹ́ǹsì sì máa ń yí padà: ẹ̀dà 6 ti TinyMCE, àpótí ìkọ̀wé àyálò kan, wà lábẹ́ MIT, nígbà tí ẹ̀dà 7 dé ní 2024, ó ti bọ́ sábẹ́ GPL, láísẹ́ǹsì tó le ju MIT lọ. Nítorí náà, ẹ máa tọ́jú package-lock.json (fáìlì tó ń kọ ẹ̀dà gbogbo ohun àyálò sílẹ̀) mọ́ kóòdù yín, kí ẹ sì máa fi àṣẹ npm ci gbé àwọn ohun àyálò náà kalẹ̀, kí ẹ̀dà má baà yí padà lẹ́yìn yín.

Títi ẹ̀dà pa ò gbani lọ́wọ́ gbogbo nǹkan, ká sòótọ́. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2018, àwọn tó ń lo Ant Design, láíbúrárì tó ti China wá, ṣàdédé rí yìnyín lórí bọ́tìnnì wọn. Ẹni tó bá sì gbé máúsì lé e, "Ho Ho Ho!" ló ń rí. Inú kóòdù tí wọ́n ti gbé wọlé tẹ́lẹ̀ ni eré náà sá pamọ́ sí, tó ń dúró de ọjọ́ rẹ̀. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ bọ́tìnnì yín fúnra yín.

Nǹkan kan ṣì kù nípa àtẹ yẹn, torí orúkọ àwọn ọmọ Ìbàdàn ló máa kún inú rẹ̀. Ẹ fi Ọlọ́ṣundé sínú rẹ̀, kí ẹ wá tẹ olosunde sínú àpótí ìwákiri. Nínú ọ̀pọ̀ àtẹ àyálò, kò ní jáde. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ò sì ní ráyè fi àmì sí orúkọ níwájú èrò tó tò sílẹ̀ dè é. Bákan náà, ọ́ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n tó gbé àmì lé e lórí, nítorí náà orúkọ kan náà lè wà ní ìrísí méjì nínú dátà. Ẹ fi ìlà yìí sínú fáìlì kan ṣoṣo tó ń pe àtẹ yín, bí YanOjo ṣe ń pe kàlẹ́ńdà:

s.normalize("NFD").replace(/[\u0300-\u036f]/g, "").toLowerCase()

Àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ ló máa yọ kúrò. Ẹ lò ó fún orúkọ tó wà nínú àtẹ àti èyí tí akọ̀wé tẹ̀, kí ẹ tó fi wọ́n wé ara wọn. Orúkọ tí ẹ̀ ń tọ́jú gan-an, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kí Ọlọ́ṣundé bá àmì orúkọ rẹ̀ pé pérépéré lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀.