Èsì: Ṣé Ayétòrò ayé àtijọ́ ṣì wà?

Àbúrò, o béèrè bóyá Ayétòrò ti Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí màmá yín máa ń ròyìn ṣì wà. Ó wà, àmọ́ èyí tí wọ́n mọ̀ kọ́.

Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sétí òkun. Àjọní ni gbogbo nǹkan nígbà náà: ọkọ̀, àwọ̀n, owó ẹja, àpò kan náà ló ń wọ̀. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn ṣá o. Ohun tí èmi rántí ni afárá pákó. Tí a bá ń sáré lórí ẹ̀ láàárọ̀, á máa dún gbà-gbà-gbà lábẹ́ ẹsẹ̀, òórùn ẹja yíyan á ti gbafẹ́fẹ́ kan, àwọn àgbà á sì máa jágbe mọ́ wa pé a fẹ́ já somi.

Òkun ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é. Ilé tó wà lẹ́yìn lánàá ló ń kojú ìgbì lónìí. Ó gbé ilé, ó gbé ilé ìwé, kò fi ibojì sílẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, kò sì sí odi gidi tó dá omi dúró. Ìlérí la ń gbọ́.

Bí o bá fẹ́ mú màmá lọ, kọ́kọ́ bi wọ́n níbi tí ilé wọn wà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àárín omi ni ọlọ́kọ̀ máa nàka sí.