Ọkọ̀ òfurufú kan, orúkọ mẹ́ta

Ìbéèrè: Mò ń ṣe àkójọ àwọn ọkọ̀ òfurufú Sófíẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ìwé kan pe ọkọ̀ kan ní ANT-58, òmíràn pè é ní 103, ẹ̀kẹta pè é ní Tu-2. Ṣé ọkọ̀ mẹ́ta ni kí n kọ ni, àbí ọ̀kan?

Ìdáhùn: Ọ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ Tu-2, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yọ orúkọ méjì yòókù kúrò, nítorí pé ohun tí ojú Andrei Nikolaevich Tupolev, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe ọkọ̀ náà, rí ló wà nínú wọn.

Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ANT. Ní ọdún 1937, ANT-25 rẹ̀ fò láti Mọ́sìkò gba orí ìkángun àríwá ayé dé Amẹ́ríkà láì balẹ̀ lọ́nà; ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni àwọn agbófinró Stalin, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, wá mú un. Inú àhámọ́ ni wọ́n ti ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ, kó sì kọ orúkọ àwọn onímọ̀ tí yóò bá a ṣe é. Kìkì àwọn tó mọ̀ pé wọ́n ti wà lẹ́wọ̀n ló kọ, kó má baà ti ọwọ́ òun kó bá ẹni tó ṣì wà nílé. Wọn kò jẹ́ fi orúkọ ẹlẹ́wọ̀n pe ọkọ̀ ogun, nítorí náà nọ́ńbà lásán, 103, ni wọ́n ń pe ọkọ̀ tó ṣe nínú àhámọ́ náà nígbà tó kọ́kọ́ fò ní oṣù Kìíní ọdún 1941. Wọ́n dá Tupolev sílẹ̀ lọ́dún náà, lẹ́yìn tí Jámánì gbógun wọ ilẹ̀ wọn; ní 1942, ọkọ̀ rẹ̀ di Tu-2, Tu láti inú Tupolev.

Ẹ ṣọ́ra fún Tu-4 o, ọkọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ Tupolev. B-29, ọkọ̀ ajubọ́ǹbù Amẹ́ríkà, ni Stalin pàṣẹ pé kí wọ́n wò ṣe é, lẹ́yìn tí mẹ́ta nínú wọn balẹ̀ sí ìlà-oòrùn Sófíẹ́ẹ̀tì ní 1944. Wọ́n tú ọ̀kan palẹ̀, wọ́n sì wọn gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀. Íńṣì ni Amẹ́ríkà fi ń wọn páànù, mìlímítà sì ni ti Sófíẹ́ẹ̀tì. Páànù tó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íńṣì jẹ́ mìlímítà 1.5875, èyí tí ilé-iṣẹ́ wọn kì í ṣe. Èmi tí mò ń tún ara bàálù ṣe mọ ìnira tó wà níbẹ̀: tí páànù bá nípọn jù, ọkọ̀ á wúwo, tó bá fẹ́lẹ́ jù, kò ní lè gbé ẹrù rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni Tupolev ṣe lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ B-29 sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà.