Ṣé kí èmi àti màmá mi tó ní ikọ́ fée dúró de ọyẹ́ kí a tó rin inú igbó IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn?

Ẹ má dúró dè é. Ẹ lọ báyìí, bí òjò kò bá ti rọ̀ láti bí ọjọ́ méjì, kí ọ̀nà má baà yọ̀.

Afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin láti òkun ni kò tíì jẹ́ kí ọyẹ́ wọ Ìbàdàn. Tó bá wọlé, eruku Sàhárà á bo ojú ọ̀run. Ẹ sì ní màmá tó ní ikọ́ fée ń bá yín lọ! Eruku yẹn kò dáa fún wọn rárá.

Ẹ tètè jí, ẹ gbé omi dání, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ. Ẹ máa wo òkè igi: ẹyẹ Ibadan malimbe, dúdú olórí pupa, wà níbẹ̀, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló sì ń gbé.