Dígí róbótó kò lè ṣọ́ oyin yín: ìdáhùn lórí ìdérí ìgò tí wọ́n ní kò ṣe é rọ nǹkan sí mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Oyin ni mò ń tà nílé mi ní Iléṣà, mo sì máa ń gbé e fún àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà Atakúnmọ́sà. Inú ìgò ọtí 75 sẹ́ńtílítà ni mò ń rọ ọ́ sí, mo ń lẹ orúkọ mi mọ́ ọn. Lóṣù tó kọjá, oníbàárà kan gbé ìgò kan padà wá, ó ní ṣúgà sísè ló wà nínú rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, òótọ́ ni. Orúkọ mi ló wà lára ìgò, oyin mi kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan ti wá ń polówó ìdérí kan tó ní ọmọ dígí róbótó nínú. Ó ní bí wọ́n bá ti da oyin inú rẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó lè rọ nǹkan míì sí i mọ́ láéláé. Ó ní kí n ra igba. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ má rà á.

Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹnì karùn-ún tí yóò bi mí nípa ìdérí yìí láàárín oṣù méjì, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Inú ń bí mi. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bí mi nínú o. Ẹni tó ń gbé ike àti dígí kiri, tó ń fẹnu dídùn gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń fi òógùn ojú wọn jẹun, òun ló bí mi nínú. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń rọ ọtí sí ìgò tó sì ń dé e, kí n tó padà wálé wá máa ṣe mọ́ọ̀dù ìdérí. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ìbéèrè yẹn ṣe. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí wọ́n rọ nǹkan sínú ìgò yín. Ìgò wo ló ń jẹ́ ìgò yín? Ilé-iṣẹ́ kan ló kọ́kọ́ rọ ọtí sí i. Ẹnìkan mu ún tán, ó jù ú nù, àwọn tó ń ṣa ìgò ṣà á, wọ́n fọ̀ ọ́, ẹ rà á, ẹ rọ oyin sí i. Ẹ̀yin náà ń rọ nǹkan sínú ìgò tí ẹlòmíì ti lò tán. Mi ò fi bú yín, bí ọ̀pọ̀ olóyin ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó fẹ́ ṣe ayédèrú oyin yín kò ní kó máa wá ìgò yín kiri. Ọ̀dọ̀ onígò kan náà tí ẹ ti ń rà ni yóò lọ. Á ra irú rẹ̀ ogún, á mú lébẹ́ẹ̀lì yín kan lọ bá ẹni tó ń tẹ̀wé, ó parí. Dígí tí ẹ fi sọ́rùn ìgò yín kò lè dá a dúró, torí kò fọwọ́ kan ìgò yín rárá.

Ọ̀rọ̀ dígí yìí gan-an ni mo fẹ́ tú palẹ̀, nítorí òun ni wọ́n fi ń mú yín.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Hiram Codd ló gba ìwé ẹ̀tọ́, ìyẹn ìwé ìjọba tó jẹ́rìí pé òun ló hùmọ̀ nǹkan, fún ìgò tó ní dígí róbótó lọ́rùn ní 1872. Mínírà ló ṣe é fún. Gáàsì inú mínírà ló ń ti dígí náà sókè mọ́ òrùka rọ́bà tó wà lẹ́nu ìgò, tí gáàsì kò fi ní rí ọ̀nà jáde. Báwo ni wọ́n wá ṣe ń rọ mínírà sí i? Wọ́n ń dorí ìgò kodò ni, wọ́n á rọ ọ́ bẹ́ẹ̀, dígí á bọ́ sẹ́nu ìgò, gáàsì á tì í pa. Bí ẹni tó rà á bá mu ún tán, ìgò á padà sílé-iṣẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún rọ òmíràn sí i. Ìgò tí wọ́n ń tún rọ ni ìgò Codd láti ilẹ̀ wá. Ẹni tó ní dígí lásán ń dènà àtúnrọ kò mọ ibi tí dígí ti wá.

Èyí tí ẹ máa ń rí lọ́rùn ìgò ọtí líle olówó ńlá, tó ń mú kí ọtí máa ké gbú-gbú-gbú bí wọ́n bá ń dà á, nǹkan mìíràn nìyẹn. Fáàfù ni, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí nǹkan jáde tí kì í jẹ́ kó wọlé. Ijókòó kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọ bọ́ọ̀lù ń gúnlẹ̀ sí, ohun wíwúwo kan wà tó ń tẹ bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀, àgò ike kan sì bò wọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà ki wáyà bọ̀ ọ́. Ìgò dúró, bọ́ọ̀lù jókòó, ọ̀nà dí. Ìgò tẹ̀, bọ́ọ̀lù yí kúrò, ọtí jáde, atẹ́gùn wọlé rọ́pò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Guala ní Ítálì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nídìí irú ìdérí yìí. Ẹ̀rọ ló ń gbá a wọ inú ọrùn ìgò, ọrùn ìgò náà sì gbọ́dọ̀ bá a mu rẹ́gí, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kékeré nínú mílímítà kan. Àwọn ìgò ṣíṣà tiyín ńkọ́? Ẹ to mẹ́wàá sílẹ̀ kí ẹ fi ìka wọ ẹnu wọn, ẹ ó rí i pé wọn kò dọ́gba. Ìdérí kan náà á fún jù nínú ọ̀kan, á sì máa jò nínú ìkejì.

Ká tiẹ̀ ní ìgò dọ́gba, ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ ń tà. Mo gba ọ̀kan lára ìdérí náà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ bi mí, mo rọ oyin sínú ìgò, mo tẹ ìdérí náà mọ́ ọrùn rẹ̀, mo sì dorí rẹ̀ kodò lórí abọ́ funfun kan. Oyin yọ lẹ́nu ìgò, ó wú bí omijé, ó dúró. Mo wo aago. Ẹ̀kán kan ló já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Oyin ki ju omi lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò lè gba ihò tóóró tí wọ́n ṣe fún ọtí. Bí kò bá sì jáde, atẹ́gùn kò lè wọlé. Bí atẹ́gùn kò bá wọlé, kò ní jáde. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á há sí.

Irú ìdérí náà kejì, èyí tó ní bọ́ọ̀lù ike dípò dígí, tiẹ̀ burú jù. Lítà omi kan wọn kílò kan, lítà oyin kan wọn nǹkan bíi kílò 1.4. Ike tí wọ́n fi ṣe bọ́ọ̀lù yẹn fúyẹ́ ju omi gan-an lọ, ká tó wá sọ oyin. Ó ń léfòó lórí oyin ni. Ohun tó ń léfòó, báwo ló ṣe fẹ́ jókòó dí ọ̀nà? Tí ọyẹ́ bá wá mú, tí oyin bá dì, tó bá di wóró-wóró bí iyọ̀, bọ́ọ̀lù á lẹ̀ mọ́ ibi tó bá wà. Oníbàárà yín á mú ọ̀bẹ, á fà á yọ kó lè rí oyin jẹ. Kò ní pẹ́ tí gbogbo ọjà á fi mọ ìgò tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ yọ ọrùn rẹ̀ sí ìgò tiyín, ayédèrú á sì jọ ojúlówó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń ta ọtí lè sọ pé ọ̀rọ̀ olóyin nìyẹn, kò kan òun. Ó kàn án. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n gbé fáàfù tuntun kan wá fún wa, wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ọ̀gá wa gbé ìgò òfìfo mẹ́ta tó ní in lọ́rùn fún ọmọkùnrin kan lára àwọn tó ń kó ẹrù sí mọ́tò, ó ní kó gbìyànjú rẹ̀ wò. Kí a tó jẹun ọ̀sán tán, ó ti gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, omi kún inú wọn, ọ̀kan péré ló ní ojú egbò lọ́rùn. Ohun tó lò kò ju ohun tó wà nínú ilé ìdáná gbogbo wa lọ. Mi ò ní ṣàlàyé bó ṣe ṣe é, torí kì í ṣe olóòótọ́ nìkan ló ń kàwé. Fáàfù tó dára ń fi àkókò àti wàhálà kún iṣẹ́ olè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń rà á mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbìyànjú láti ṣe ìgò tí kò ṣe é tún rọ, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lóríṣiríṣi. Síbẹ̀, láti 1935 títí di 1964, ohun tí ìjọba wọn gbára lé ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n kọ sára ìgò ọtí líle gbogbo, pé òfin kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ta ìgò náà tàbí láti tún un lò.

Kí wá ni ìdérí lè ṣe? Ó lè jẹ́rìí. Ẹ mú ìdérí páànù ìgò ọtí kan, irú èyí tí William Painter gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Baltimore ní 1892. Ẹ ka eyín etí rẹ̀, 21 ni. Ilé-iṣẹ́ International Breweries tó ti ń pọn ọtí níbí ní Iléṣà láti 1978, ìgò wọn ń padà nínú kírétì, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń tún un rọ. Iṣẹ́ wọn kúkú nìyẹn. Páànù yẹn kò dènà àtúnrọ. Ohun tó ń ṣe ni pé bí ọ̀pínà bá ti kàn án, ó ká láàárín, kò sì ní tẹ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ojú ọmọdé gan-an á rí i. Ní 1982, ní agbègbè Chicago, ẹnìkan fi májèlé sáyánáìdì sínú kápúsù oògùn ara ríro tí wọ́n ń pè ní Tylenol, èèyàn méje kú. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ṣe oògùn ti ń fi fóìlì àti òrùka bo ẹnu ìgò, kí ẹni tó rà á lè mọ̀ bí ẹnìkan bá ti ṣí i ṣáájú òun.

Nítorí náà, ohun tí èmi á ṣe ká ní èmi ni ẹ̀yin: màá fi ìgò ṣíṣà sílẹ̀ pátá. Màá ra ike tuntun ẹlẹ́nu gbòòrò, èyí tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, tó ní ìdérí olórùka. Eyín kéékèèké ló so òrùka náà mọ́ ìdérí. Bí wọ́n bá ti yí ìdérí, wọ́n á já, òrùka á kù sọ́rùn ike. Màá wá fi fóìlì sábẹ́ ìdérí. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kan wà, kò ju áyọ́ọ̀nù lọ, iná mànàmáná rẹ̀ ló ń mú fóìlì gbóná tó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ike láìfọwọ́ kan oyin. Ẹ má ra ẹ̀rọ náà fún ìgò tí wọ́n fi dígí ṣe kí ẹ tó bi ẹni tó ń tà á, torí fóìlì tó ń lẹ̀ mọ́ ike kì í sábà lẹ̀ mọ́ dígí. Ẹ jẹ́ kí oyin tutù kí ẹ tó bù ú sí i, ike á ká bí ẹ bá bù ú ní gbígbóná. Fóìlì funfun lásán, ayédèrú náà lè rà á, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n tẹ orúkọ yín sí i. Ọ̀rá tí wọ́n ń fi iná fún mọ́ ọrùn ìgò kò burú, ṣùgbọ́n bí kò bá ní orúkọ lára, kò jẹ́rìí kankan.

Èyí tó kù kò ná yín ju bírò àti ìwé lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà sára ike kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà kan má ṣe wáyé lẹ́ẹ̀mejì láé, kí ẹ sì kọ sínú ìwé pé 0417 lọ sí ṣọ́ọ̀bù ta ni, lọ́jọ́ wo. Àwọn bàbá wa Òṣómàáló tí wọ́n ń gbé aṣọ tà láwìn kiri, wọ́n mọ ilé tí aṣọ kọ̀ọ̀kan wọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n á lọ lóṣòó sí. Bí oníbàárà bá gbé 0417 méjì wá bá yín, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Irú èrò yìí ni NAFDAC lò fún oògùn láti 2010: ẹ ó ha ara páálí, nọ́ńbà á yọ, ẹ ó fi fóònù béèrè bóyá ojúlówó ni. Kí ẹ sì kọ ọ́ sára lébẹ́ẹ̀lì pé bí ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ẹ ya orúkọ yìí kí ẹ tó ju ike nù.

Oyin nìkan ni mo fi dáhùn o. Ẹni tó ń ṣe àgbo tàbí oògùn olómi, kó má gbé ìmọ̀ràn yìí lò lódindi. Òfin tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì NAFDAC ni kó lọ. Ẹ̀yin náà, bí ẹ kò bá tíì fi orúkọ oyin yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹ lọ, torí bí ọ̀rọ̀ ayédèrú yìí bá dé ilé ẹjọ́, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Ẹ má fi ojú kékeré wò ó. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ògógóró tí májèlé tí wọ́n ń pè ní mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pa èèyàn, àwọn ará ìlú kọ́kọ́ rò pé àrùn àràmàǹdà ló dé. Ojú lásán kò mọ ohun tó wà nínú ìgò. Lónìí ṣúgà sísè ni. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n máa rọ sábẹ́ orúkọ yín lọ́la.

Tí ọkùnrin yẹn bá tún padà wá, ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó fi ìdérí kan sílẹ̀. Ẹ rọ oyin yín síbẹ̀ lójú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ ní kí òun fúnra rẹ̀ da ṣíbí kan jáde fún yín. Tó bá ní òun ò ráyè dúró dàárọ̀, ẹ ní kó máa gbé igba rẹ̀ lọ.