Ta ló yẹ kó ní péèjì tiẹ̀ lórí wíkì Jeopardy!?

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wíkì (ìkànnì tí gbogbo èèyàn lè bá wọn kọ) àwọn olólùfẹ́ Jeopardy!, ètò ìdíje ìbéèrè orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, lédè wa, tẹ́ ẹ ní ẹ ò mọ olùkópa tẹ́ ẹ máa ya péèjì sọ́tọ̀ fún àtèyí tẹ́ ẹ kàn máa kọ orúkọ ẹ̀ sínú lísìtì, mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí lórí ti elédè Gẹ̀ẹ́sì ó ti ṣe díẹ̀, ẹnu tí mo ti gbà níbẹ̀ ò kéré, oríṣiríṣi èèyàn ló ti bú mi torí mo ní kí wọ́n pa péèjì kan rẹ́, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí lójú tèmi, ẹlòmíì lè wá sọ tiẹ̀.

Ohun tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé á to àwọn èèyàn bí owó tí wọ́n gbà ṣe pọ̀ sí, á wá fa ìlà síbì kan, ẹni tó bá wà lókè ìlà ló ní péèjì, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kó máa lọ. Ó rọrùn, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n jà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé owó 1990 kọ́ lowó 2019. Títí di oṣù kọkànlá 2001, ìbéèrè tówó ẹ̀ kéré jù lórí pátákó tí wọ́n ń to ìbéèrè sí, látorí owó kékeré lókè dé ńlá nísàlẹ̀, 100 dọ́là ni, èyí tó ga jù lápá kejì eré 1,000, ìgbà yẹn ni wọ́n wá sọ gbogbo ẹ̀ di ìlọ́po méjì. Yàtọ̀ síyẹn, kó tó di 2003, téèyàn bá ti borí lẹ́ẹ̀marùn-ún wọ́n á ní ó tó, kó máa lọ sílé, kódà bí iná ẹ̀ ṣì ń jó. Ẹ wá wo Frank Spangenberg, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ojú irin ní New York. 1990 ló wá, ó gba 102,597 dọ́là láàárín ọjọ́ márùn-ún, òun lẹni àkọ́kọ́ tó kọjá 100,000 láàárín ọjọ́ márùn-ún, bẹ́ẹ̀ òfin ìgbà yẹn ò jẹ́ kéèyàn mú ju 75,000 lọ sílé, ló bá ní kí wọ́n kó èyí tó lé fún ilé ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Tẹ́ ẹ bá fowó nìkan to èèyàn lónìí, ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ máa bá a, níbi tí ò sẹ́ni tó ń wolẹ̀ dé.

Ìbéèrè tí mo fi ń yẹ èèyàn wò ò ju ẹyọ kan lọ: tá a bá yọ ẹni yìí kúrò, ṣé ibì kan wà nínú ìtàn ètò náà tá ò ní lè ṣàlàyé mọ́? Tó bá wà, ẹ kọ péèjì ẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló borí. Tí ò bá sí, kódà kó borí lẹ́ẹ̀méje, ìlà kan nínú lísìtì tó o.

Ti Ken Jennings ò ní àríyànjiyàn nínú, ìgbà 74 ló borí ní tẹ̀léǹtẹ̀lé lọ́dún 2004, òun náà sì ni atọ́kùn ètò náà báyìí. Ẹni tí mo bá wọn jà lé lórí ni Nancy Zerg tó lé e kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan lobìnrin yìí borí, eré tó tẹ̀ lé e ni wọ́n na òun náà, làwọn kan bá ń pariwo pé kí la fẹ́ kọ nípa ẹni tó borí lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ẹ wo ìṣirò yẹn ná. Nígbà tí wọ́n dé Final Jeopardy, ìyẹn ìbéèrè ìkẹyìn tí kálukú máa ń fi iye tó bá fẹ́ nínú owó ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lé lórí, tó bá gbà á, iye yẹn á kún un, tó bá ṣì í, á lọ, Jennings ní 14,400, Nancy ní 10,000. Wọ́n béèrè ilé iṣẹ́ tó ń gba òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì 70,000 tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń fi oṣù mẹ́rin péré ṣiṣẹ́ lọ́dún. Jennings kọ FedEx, àwọn tó máa ń bá èèyàn fi ẹrù ránṣẹ́. Nancy kọ H&R Block, àwọn tó máa ń bá èèyàn ṣe ìwé owó orí, òun ló gbà á. Ẹ wá wo iye tó fi ta tẹ́tẹ́: 4,401. Owó ẹ̀ di 14,401, ìyẹn ni pé tí Jennings bá tiẹ̀ káwọ́ gbera tí ò ta kọ́bọ̀, dọ́là kan lòun ṣì máa fi jù ú. Ìyẹn kì í ṣe oríire lásán o, ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ni. Péèjì ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ti Emma Boettcher ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, mo sì máa fi í ṣe àpẹẹrẹ bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ kọ ọ́. James Holzhauer ti borí nígbà 32, ó ku nǹkan bí 58,000 dọ́là kó kọjá owó Jennings, gbogbo ayé ti gbà pé ó máa kọjá ẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe gbé eré ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2019 jáde tí òṣìṣẹ́ láíbìrì kan láti yunifásítì Chicago nà án. Kí wọ́n tó dé ìbéèrè ìkẹyìn, Emma ní 26,600, Holzhauer ní 23,400, ẹni kẹta ní 11,000. Holzhauer wá fi 1,399 péré ta. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ló máa ń fi ta láì ṣẹ́jú! Làwọn èèyàn bá ní ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n na òun ni, wọ́n sọ ọ́ sọ ọ́, àwọn kan ń kọ ọ́ sínú péèjì ẹ̀ títí dòní, mo ń pa á rẹ́, wọ́n ń dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú bírò. Emma ló wà níwájú, ó gbọ́dọ̀ ta iye tó máa fi dọ́là kan ju ìlọ́po méjì owó Holzhauer, ìyẹn 46,800, ló bá ta 20,201, ó di 46,801. Holzhauer ti mọ̀ pé ohun tó máa ṣe nìyẹn, torí náà tí Emma bá gba ìbéèrè yẹn, kò síye tóun lè ta tó máa gba òun là. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí Emma ṣì í, tó bá sì ṣì í, 6,399 ló máa kù sí i lọ́wọ́, ó di pé kó máa ṣọ́ ẹni kẹta. Tí ẹni kẹta bá kó gbogbo owó ẹ̀ lélẹ̀ tó sì gbà á, á di 22,000. Ó yá, ẹ yọ 1,399 kúrò nínú 23,400. Ó ku 22,001. Ṣé ẹ rí i báyìí? Kódà kóun náà ṣì í, dọ́là kan ló ṣì máa fi ju ẹni kẹta. Wọ́n ní ó sọ́wọ́ sílẹ̀, ta ló ń sọ́wọ́ sílẹ̀ báyẹn.

Téèyàn bá kọ ìyẹn sínú péèjì, ó ti pọ̀ ju "ọlọ́pọlọ pípé" àti "akọni" táwọn kan máa ń tò kalẹ̀ lọ. Ẹ tún wá fi kún un pé nígbà tí Emma ń ṣe máásítàsì, iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀ dá lórí bóyá kọ̀ǹpútà lè dá ìbéèrè Jeopardy! tó le mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó rọrùn. Ẹni tó bá ka ìyẹn tán, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé kì í ṣe ẹni lásán ló na Holzhauer.

Àwọn míì wà tó jẹ́ pé wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń ṣeré náà padà. Chuck Forrest, 1985, òun lòkìkí ẹ̀ kàn pé kì í mú ìbéèrè láti òkè wá sísàlẹ̀ báwọn tó kù ṣe ń ṣe, á fò síbí, á fò sọ́hùn-ún, orí àwọn yòókù á ti dàrú. Nígbà tí Arthur Chu gbé irú ẹ̀ dé lọ́dún 2014 tó fi ń wá Daily Double kiri, ìyẹn ìbéèrè tí wọ́n fi pamọ́ sórí pátákó téèyàn lè fi owó ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lé lórí, àwọn òǹwòran bínú sí i bí ẹni tó jalè. Péèjì méjì nìyẹn, kẹ́ ẹ so wọ́n pọ̀ mọ́ra, torí a ò lè lóye ọ̀kan láìsí èkejì.

Eddie Timanus náà ń kọ́? Akọ̀ròyìn eré ìdárayá ni, ojú ẹ̀ ò ríran, 1999 ló borí lẹ́ẹ̀marùn-ún láì sẹ́ni tó nà án. Wọ́n fún un ní káàdì Braille, ìwé táwọn afọ́jú máa ń fọwọ́ kà, tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ẹ̀ka ìbéèrè sí, kọ̀ǹpútà ló fi tẹ ìdáhùn ìkẹyìn, wọn ò sì lo ìbéèrè tó ní àwòrán nínú eré ẹ̀. Ẹ kọ bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀, ẹ má ṣe kọ ọ́ bí ìtàn "ẹ wo bó ṣe ń ṣeni láàánú", kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ti Cindy Stowell gbẹgẹ́. Ìgbà mẹ́fà ló borí, téèyàn bá sì fi ẹnu iye yẹn nìkan wò ó, á ní kò tó péèjì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Jẹjẹrẹ ti wọ̀ ọ́ lára kó tó dé orí ètò náà, ó ti sọ fún àwọn tó ń ṣe é pé ọjọ́ òun ò pọ̀ mọ́, ni wọ́n bá tètè pè é, àwọn tó bá a díje ò sì mọ̀ pé ara ẹ̀ ò yá. Ọjọ́ 5 oṣù kejìlá 2016 ló kú, ọjọ́ 13 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré ẹ̀ jáde. Ó ti ní kí wọ́n fi owó náà ran àwọn tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ ní ṣókí, ẹ má fi omijé kún un, òótọ́ ẹ̀ ti tó.

Ìyẹn mú mi rántí déètì. Eré márùn-ún ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá borí á lọ pààrọ̀ aṣọ, á tún padà wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò ó á rò pé ọjọ́ kejì ni. Torí náà ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde ni kẹ́ ẹ máa kọ, kẹ́ ẹ sì sọ pé òun ni. Fún owó àti iye tí wọ́n ta, J! Archive táwọn olólùfẹ́ ètò náà ń fọwọ́ ara wọn ṣe ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó gba ti ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí Facebook.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́ fún ètò míì. Ó ṣiṣẹ́ kẹ̀. Nínú ti Amẹ́ríkà ti Who Wants to Be a Millionaire, John Carpenter pe bàbá ẹ̀ lórí fóònù níbi ìbéèrè ìkẹyìn ní 1999, kì í ṣe láti béèrè ìdáhùn, ó kàn fẹ́ sọ fún un pé òun fẹ́ di olówó míliọ̀nù ni. Tiwa ní Nàìjíríà, Aroma Ufodike tó kọ́kọ́ gba mílíọ̀nù 10 náírà ní 2009, ta ló máa ní kò yẹ?

Ohun kan tí mi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni: ẹ má ṣe wá ilé èèyàn kiri. Ẹnì kan tó ti kópa rí kọ̀wé sí mi pé wọ́n ti fi orúkọ iléèwé tí ọmọ òun ń lọ sínú péèjì òun, pé àwọn tóun ò mọ̀ rí ti ń tẹ òun láago. Mo yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ tún ń bá mi jà pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun ti rí i. Kó rí i níbẹ̀ kó fi í síbẹ̀ o jàre. Ohun téèyàn bá sọ fún atọ́kùn lórí tẹlifíṣọ̀n àtohun tó fẹnu ara ẹ̀ sọ fáwọn oníròyìn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí.

Tí mo bá jẹ́ yín, ti Nancy Zerg ni màá kọ́kọ́ kọ, torí ó kúrú, ìṣirò ẹ̀ ò sì le. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́, ẹ fi líǹkì síbí, màá bá yín yẹ àwọn iye yẹn wò.