Èsì: Kí wọ́n jáde ná, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì padà

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún ilé aṣòfin wọn ní Westminster, nílùú London, ṣe ni, àbí kí wọ́n kó lọ síbòmíràn pátápátá. Kí wọ́n tún un ṣe o, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ jáde.

Abẹ́ ilé náà ni ewu wà. Páìpù omi gbígbóná, páìpù gáàsì àti wáyà iná lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀, asbestos, ohun ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, sì wà káàkiri. Tọ̀sán-tòru làwọn ẹ̀ṣọ́ ń yípo nítorí iná, iná tó jó ilé àkọ́kọ́ ní 1834. Ta ni yóò máa ha asbestos lórí ẹni tó ń ṣèpàdé? Àwọn aṣòfin fúnra wọn dìbò ní 2018 pé àwọn á jáde. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń falẹ̀.

Kíkó lọ pátápátá ni mi ò fara mọ́. Ní Èkìtì níbí, ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, wọ́n gbé e lọ ṣàfihàn ní Wembley ní 1924. British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní London, ló wà títí dòní. Ó dùn mí gan-an; mi ò fẹ́ kí ilé aṣòfin wọn náà lọ láì padà.

Bọ́ǹbù wó gbọ̀ngán ìjókòó àwọn aṣòfin kékeré ní 1941, wọ́n tún un kọ́, wọ́n padà wọ̀ ọ́ ní 1950. Kí wọ́n ṣáà kọ ọjọ́ ìpadà sínú òfin kí wọ́n tó jáde.